Ẹ dákun, báwo la ṣe ń to tsquery jọ sínú mẹ́mórì Postgres láì máa lẹ string pọ̀?

olowe_kekere:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Mo ń ṣe sáìtì òwe Yorùbá kan, òwe bíi 4,000 ló ti wà nínú dátábéèsì báyìí, PostgreSQL 15 ni mo ń lò, Python ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Apá àwárí ló ń dà mí láàmú. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa gba ohun tí èèyàn tẹ̀ sínú àpótí, màá fi & rọ́pò àlàfo tó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀, màá wá gbé gbogbo ẹ̀ fún to_tsquery, iṣẹ́ Postgres tó ń sọ lẹ́tà di tsquery, ìyẹn ìbéèrè àwárí tí Postgres lóye. Tí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ méjì jẹ́jẹ́, ó ń ṣiṣẹ́. Lánàá ni ẹnìkan tẹ «kí l'ó dé!», àmì ìyanu yẹn tó wà lẹ́yìn dé ló dá wàhálà sílẹ̀, sáfà ní syntax error in tsquery. Ẹlòmíì fi àlàfo méjì sáàárín ọ̀rọ̀, error yẹn náà ni. Ẹlòmíì tún ṣí àkámọ́ kò pa á dé. Mo ti ń fi replace lé replace, ó ti di ìlà mọ́kànlá, bí mo ṣe ń dí ihò kan ni òmíì ń ṣí.

Ìṣòro kejì ni pé tí mo bá wá «ẹṣin», «Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀» kì í jáde, òwe tó jẹ́ pé òun gan-an ni mo kọ sókè sáìtì! Tí mo bá sì yọ gbogbo àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀, òwe tó ń sọ nípa ẹ̀sìn ló máa ń kún ojú ìwé.

Mo gbọ́ pé èèyàn lè to query yẹn fúnra ẹ̀ sínú mẹ́mórì, láì kọ́kọ́ sọ ọ́ di string, ìyẹn ọ̀wọ́ lẹ́tà lásán. Ta ló ti ṣe é rí? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

AgbaDBA:
Àbúrò, o káre láé, iṣẹ́ gidi lò ń ṣe yẹn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe kókó: tsquery kì í ṣe string. Lẹ́tà tó o ń rí nígbà tó o bá SELECT ẹ̀, Postgres kàn kọ ọ́ síta kó o lè rí i kà ni, nínú mẹ́mórì igi ni. Oríkèé kọ̀ọ̀kan lára igi yẹn, yálà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tàbí kó jẹ́ àmì tó so ọ̀rọ̀ pọ̀, ìyẹn &, |, ! àti <->. Ìgbà tó o bá ń lẹ string, o ti ní igi lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ o, o wá gé e wẹ́wẹ́ di lẹ́tà, o tún ní kí to_tsquery bá ọ gbìn ín padà. Ibi tí àmì àti àkámọ́ ti ń rí àyè wọlé nìyẹn.

Kó o tó ronú kóòdù C tàbí ohunkóhun, mọ̀ pé Postgres ti fún ọ ní irinṣẹ́ tó ń so igi mọ́ igi láti inú SQL (èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀), && ni «àti», || ni «tàbí», !! ni «kì í ṣe». Ó ti wà níbẹ̀ láti 8.3 ní 2008, nígbà tí iṣẹ́ tsearch2 tí Oleg Bartunov àti Teodor Sigaev ń ṣe wọ inú Postgres gangan. Wo èyí:

SELECT plainto_tsquery('simple', $1) && !!plainto_tsquery('simple', $2);

plainto_tsquery kì í bínú sí ohunkóhun tí èèyàn bá tẹ̀, àmì ìyanu, àkámọ́, àlàfo mẹ́wàá, ó kàn máa mú àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni, èyí tó kù á fò ó. Ohun tó jáde nínú ẹ̀ ti di igi, && wá mú igi méjì ó fi oríkèé kan lé wọn lórí. Kò sí string kankan láàárín.

Tó o bá fẹ́ kí àwọn èèyàn lè fi «-» yọ ọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n fi àmì àyọlò mú gbólóhùn odidi, websearch_to_tsquery wà láti Postgres 11, òun náà kì í ju syntax error. Àbùkù ẹ̀ ni pé kò gba :* fún ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò sì gba A, B, C, D tó ń sọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tìẹ yìí máa nílò ìwọ̀n yẹn, mo ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

olowe_kekere:
Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti pa ìlà mọ́kànlá yẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀ 🙏 «kí l'ó dé!» ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ti ẹṣin àti ẹ̀sìn ńkọ́? Mo lo unaccent, irinṣẹ́ Postgres tó ń yọ àmì kúrò lórí lẹ́tà, òun ló fà á tí ẹ̀sìn fi ń tú jáde.

iya_ibeji:
Olówe, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú òyìnbó ni mo wà, mo ń ṣe irú ẹ̀ fún ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí náà mo ti jẹ nínú ìyà yìí dáadáa. Yíyọ àmì kúrò kò dáa tán, fífi àmì sílẹ̀ náà kò dáa tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá nǹkan lórí fóònù láì fi àmì sí i, tó o bá ní dandan ni kí wọ́n fi àmì sí i, wọn ò ní rí nǹkan kan. Tó o bá sì yọ gbogbo ẹ̀, ẹṣin tí wọ́n ń gùn, ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe àti ẹ̀sín tí wọ́n ń fini ṣe, «esin» kan náà ni gbogbo wọn dà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, kí oko tí wọ́n ń ro tó dé, «oko» ni gbogbo ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo tọ́jú méjèèjì. Mo dá config kejì sílẹ̀, ìyẹn ìlànà tí Postgres fi ń gé ọ̀rọ̀ wò:

CREATE TEXT SEARCH CONFIGURATION yo_lasan (COPY = simple);
ALTER TEXT SEARCH CONFIGURATION yo_lasan ALTER MAPPING FOR hword, hword_part, word WITH unaccent, simple;

Mo wá kó òwe kọ̀ọ̀kan sínú tsvector (àkójọ ọ̀rọ̀ tí Postgres ń wá nǹkan nínú ẹ̀) lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó ní àmì ni mo fún ní A, èyí tí kò ní àmì ni mo fún ní D:

setweight(to_tsvector('simple', oro), 'A') || setweight(to_tsvector('yo_lasan', oro), 'D')

Fún «Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀», ohun tó wọlé ni òwe ní ipò 1, lẹṣin ní ipò 2, ọ̀rọ̀ ní ipò 3, gbogbo wọn A, lẹ́yìn náà owe ní 4, lesin ní 5, oro ní 6, àwọn yẹn jẹ́ D. ts_rank, tó ń to èsì bí wọ́n ṣe bára mu sí, máa ń fún A ní 1.0, ó máa ń fún D ní 0.1, ẹni tó bá tẹ ẹṣin pẹ̀lú àmì ẹ̀ pé, ẹṣin ló máa kọ́kọ́ rí, ẹ̀sìn á wà nísàlẹ̀, kò ní sọnù pátápátá. Ẹni tó tẹ «esin» lásán máa rí gbogbo ẹ̀. Ẹ rántí pé ‘simple’ ni o, kì í ṣe ‘english’. Tó bá jẹ́ english, «so», «do», «to» àti «a» tí èèyàn kọ láì sí àmì, ọ̀rọ̀ tí kò wúlò ló kà wọ́n sí, ó máa dà wọ́n nù kó tó wo nǹkan míì, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi ni wọ́n.

Ti «lẹṣin» lèyí tó le jù. Ní Yorùbá, «ni» àti «ẹṣin» ti para pọ̀, fáwẹ́lì ti pa ara wọn jẹ, Postgres kò mọ̀ pé ẹṣin wà nínú lẹṣin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló rí. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé tí ẹni tó kọ òwe yẹn bá kọ ọ́ «l'ẹṣin», Postgres á gé e sí l àti ẹṣin, á sì rí i. Nítorí náà òwe kan náà, ẹni tó kọ ọ́ ló máa sọ bóyá a máa rí i tàbí a ò ní rí i. Ojútùú mi ni pé kí query gbòòrò, kì í ṣe kí òwe yí padà: tí ọ̀rọ̀ bá fi fáwẹ́lì tí kì í ṣe i bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹ̀ka kan kún un tó ní l níwájú. Tó bá jẹ́ i ló fi bẹ̀rẹ̀, n ni, torí ilé di nílé, kì í di lílé. Fún ẹṣin, igi tí ẹ fẹ́ ni

'ẹṣin':A | 'lẹṣin':A | 'esin':D | 'lesin':D

Ẹ má dàmú nípa ohùn lórí ẹ̀ka l tó ní àmì jù, «ni ẹṣin» di lẹṣin, «ní ẹṣin» di lẹ́ṣin, ẹ̀ka D tí kò ní àmì máa mú méjèèjì.

AgbaDBA:
Àǹtí, ẹ ṣeun, ẹ ti bá mi sọ ọ́ tán. Àbúrò, bí o ṣe máa to igi yẹn láti inú SQL rèé. Kò sí aggregate (iṣẹ́ tó ń kó ìlà púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan) tó ń fi && so àwọn tsquery tó pọ̀ nínú Postgres, ìlà kan lo máa fi dá a:

CREATE AGGREGATE so_po(tsquery) (sfunc = tsquery_and, stype = tsquery);

Lẹ́yìn náà:

SELECT so_po(
  (quote_literal(lexeme) || ':A')::tsquery
  || (quote_literal(unaccent(lexeme)) || ':D')::tsquery)
FROM unnest(to_tsvector('simple', normalize($1, NFC)));

Ẹ̀ka l àti n, wàá fi CASE kún un. Má fo to_tsvector tó wà nísàlẹ̀ yẹn o, òun ló ń gé ohun tí èèyàn tẹ̀ sí ọ̀rọ̀ gidi kó tó kan quote_literal, torí tí backslash bá dé ọ̀dọ̀ quote_literal, ó máa fi E síwájú ohun tó bá kọ, E yẹn máa ba tsquery jẹ́. Tí èèyàn kò bá tẹ ọ̀rọ̀ kankan, NULL (òfo) ló máa jáde, kò sí òwe tó máa bọ́ sí i, kò sí error.

normalize náà kì í ṣe àfikún lásán. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ó ń sọ ọ̀nà tó yàtọ̀ síra tí wọ́n fi kọ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan, NFC ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn, láti Postgres 13 ló ti wà. Ẹ wo ẹṣin yìí dáadáa. Kíbọọ̀dù kan máa kọ ẹ gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, U+1EB9, kíbọọ̀dù kejì máa kọ e, á wá fi U+0323 sí i nísàlẹ̀. Lójú, ìkan náà ni. Báìtì méjọ ni «ẹṣin» jẹ́ lọ́nà méjèèjì, octet_length kò lè fi hàn ẹ́, àmọ́ length máa sọ 4 fún àkọ́kọ́, 6 fún ìkejì, Postgres á sì ní wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Mo ti rí ibi tí èèyàn ti jókòó ti nǹkan yìí fún ọjọ́ méjì. Ẹ́ àti ọ̀ tiwa yìí kò tiẹ̀ ní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode rárá, ìsàlẹ̀ nìkan ló lè wọ inú lẹ́tà, ohùn á ṣì dá dúró lórí ẹ̀. Fi normalize sí i ní ìgbà tí òwe bá ń wọlé, fi sí i ní ìgbà tí query bá ń wọlé.

iroko_c:
Ẹ jẹ́ kí èmi dáhùn ìbéèrè tí àbúrò bi gangan, ti mẹ́mórì. Mo ti kọ ọ́ ní C, ó ṣeé ṣe, màá sọ ibi tó ti já mi jẹ.

Ẹ mú igi kékeré, 'ẹṣin':A | 'esin':D. Nínú mẹ́mórì, ohun tó wà níbẹ̀ ni orí báìtì 8, mẹ́rin fún gígùn gbogbo ẹ̀, mẹ́rin fún iye oríkèé. Lẹ́yìn ìyẹn ni oríkèé mẹ́ta, QueryItem ni wọ́n ń pè é, báìtì 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn àwọn ni lẹ́tà àwọn ọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú odo kan lópin ẹ̀: ẹṣin gba 9, esin gba 5. 8 àti 36 àti 14, ó jẹ́ 58. Ẹ fi pg_column_size wò ó, 58 ló máa sọ.

Àwọn oríkèé yẹn kò tò bí a ṣe ń kà á o. Àmì | ló wà ní ipò 0. Ẹ̀ka ọ̀tún, ìyẹn esin, ló tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ní ipò 1. Ẹ̀ka òsì, ẹṣin, ló wà ní ipò 2, | sì ní pápá kan tó ń jẹ́ left tó ń sọ iye ìṣísẹ̀ tí òsì fi jìnnà, níbí 2 ni:

it[0].qoperator.type = QI_OPR;
it[0].qoperator.oper = OP_OR;
it[0].qoperator.left = 2;

Fún & àti |, bó o bá gbé òsì sí ọ̀tún, kò sóhun tó ṣe. Fún <-> o, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, «òwe <-> ẹṣin» máa di «ẹṣin <-> òwe», kò sí error, kò kàn ní rí nǹkan kan ni. Ti !, left ẹ̀ máa ń jẹ́ 1 nítorí pé ẹ̀ka kan ṣoṣo ló ní.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní weight (ìwọ̀n), bíìtì mẹ́rin, A jẹ́ 8, B jẹ́ 4, C jẹ́ 2, D jẹ́ 1, 0 túmọ̀ sí èyíkéyìí. Ó ní prefix. Ó ní length tó jẹ́ bíìtì 12 àti distance tó jẹ́ bíìtì 20, distance ni ibi tí lẹ́tà ọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ nínú àkójọ lẹ́tà, fún esin tiwa 9 ni. Ó tún wá ní valcrc.

valcrc yẹn ló fẹ́ pa mí. Mo fi í sílẹ̀ sí 0, torí pé mo dán kóòdù mi wò lórí tábìlì kékeré tí kò ní index (atọ́ka tó ń mú kí àwárí yá), gbogbo ẹ̀ ń bọ́ sí i. Mo gbé e lọ sórí tábìlì ńlá tó ní GiST index, kò rí nǹkan kan. Mo pa index rẹ́, ó rí i. Mo dá a padà, kò rí i. Mo rò pé index ló bàjẹ́, mo REINDEX títí ó fi sú mi. Ìgbà tí mo ka kóòdù Postgres ni mo rí i pé GiST kì í wo lẹ́tà ọ̀rọ̀, iye CRC32 ọ̀rọ̀ (nọ́ńbà tí a ṣírò láti inú lẹ́tà ẹ̀) ló fi ń sọ àmì ẹ̀, valcrc inú query ló sì fi ń wá a. Odo tí mo fi síbẹ̀ ló ń wá. GIN, irú index míì, ò ní ṣe ìyẹn fún ẹ torí lẹ́tà gan-an ni GIN ń lò. Nítorí náà, tó o bá ń to oríkèé fúnra ẹ, fi INIT_LEGACY_CRC32, COMP_LEGACY_CRC32 àti FIN_LEGACY_CRC32 ṣírò ẹ̀ lórí báìtì ọ̀rọ̀ yẹn, legacy ni o, kì í ṣe CRC míì.

Èyí tó burú jù ìyẹn lọ ni pé nígbà kan mo gbàgbé odo òpin ọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń ṣírò iye mẹ́mórì tí mo máa gbà, mo kọ báìtì kan kọjá ibi tí wọ́n fún mi. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọjọ́ kẹrin, ní ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn, backend mi (ètò Postgres tó ń dá mi lóhùn) kú, Postgres sì lé gbogbo èèyàn tó kù jáde, terminating connection because of crash of another server process lójú gbogbo wọn, ní ọ̀sán gangan. C inú Postgres kì í kú dá kú, gbogbo ilé ló ń bá a lọ. Láti ọjọ́ náà, COMPUTESIZE ni mo ń lò, mi ò fi ọwọ́ ara mi ṣírò ẹ̀ mọ́, palloc0 ni mo sì fi ń gba mẹ́mórì, malloc kò sí lára ẹ̀ rárá.

Tó o bá máa kọ C ṣá, má to báìtì fúnra ẹ. Fi QTNode kọ́ igi ẹ, igi tó ní pointer tó o lè gé kó o sì so, kó o wá pe QTN2QT kó bá ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Bí tsquery_and tí AgbaDBA lò lókè yẹn gan-an ṣe ń ṣe é nínú tsquery_op.c nìyẹn. Rántí pé child[0] ni ọ̀tún níbẹ̀ náà.

olowe_kekere:
Ẹ̀gbọ́n iroko, àyà mi já nígbà tí mo ka ti ọ̀sán gangan yẹn 😟 Ṣé ó pọn dandan kí n kọ C fún òwe 4,000?

AgbaDBA:
Rárá. Òwe 4,000, SQL tó o ti ní yẹn tó ẹ. C wà fún ẹni tó ń to ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríkèé lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn náà ní ààlà o, tsquery kan kò gbọdọ̀ tó oríkèé 32,768, ọ̀rọ̀ kan kò sì gbọdọ̀ tó 2KB.

iya_ibeji:
Ọ̀nà kan tún wà láàárín SQL àti C tí mo nífẹ̀ẹ́ sí gan-an, torí pé mo fẹ́ kí igi mi dá sílẹ̀ ní Python, níbi tí mo ti ń ṣe ti l àti n, kó sì dé Postgres láì di string. Gbogbo type Postgres tó ní recv (iṣẹ́ tó ń gba báìtì wọlé) ló lè gba binary láti ọ̀dọ̀ client, ìyẹn ètò tó ń bá a sọ̀rọ̀. tsquery ní tiẹ̀, tsqueryrecv. Ẹ máa kọ iye oríkèé ní báìtì 4, lẹ́yìn náà oríkèé lọ́kọ̀ọ̀kan: tó bá jẹ́ àmì ìsopọ̀, báìtì 2 ni, ìkejì sì ni irú àmì náà, ! jẹ́ 1, & jẹ́ 2, | jẹ́ 3, <-> jẹ́ 4, <-> nìkan ló máa ń fi báìtì méjì kún un fún ìjìnnà. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, báìtì 1, weight, prefix, lẹ́yìn náà lẹ́tà ọ̀rọ̀ àti odo òpin ẹ̀. Igi tí iroko kọ́ lókè yẹn jẹ́ báìtì 26 péré lórí wáyà:

00 00 00 03 · 02 03 · 01 01 00 esin 00 · 01 08 00 ẹṣin 00

Ẹ rí i pé esin ló ṣáájú, ọ̀tún kó tó kan òsì, bí iroko ṣe sọ. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé Postgres fúnra ẹ̀ ló máa ṣírò valcrc àti left, ó sì máa yẹ gbogbo ẹ̀ wò kó tó gbà á, tí weight bá ga ju bó ṣe yẹ, ó máa kọ̀ ọ́ pẹ̀lú error gidi, kò ní kú. Nínú psycopg 3, tí Python fi ń bá Postgres sọ̀rọ̀, ẹ máa kọ Dumper kékeré (kóòdù tó ń sọ nǹkan Python di báìtì) fún class igi yín, ẹ sọ fún un pé binary ni, OID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) tsquery jẹ́ 3615. Ìlà bí ogún ni tèmi. Ẹ normalize ọ̀rọ̀ sí NFC kẹ́ ẹ tó kó o sínú ẹ̀, ẹ tún sọ ọ́ di lẹ́tà kékeré, torí ojú ọ̀nà yìí kò gba ọ̀dọ̀ config kankan kọjá, ohun tẹ́ ẹ bá fi sí i ló máa wá. Èmi gbàgbé ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, «Olúwa» kò sí nínú ìwé orin!

omo_ketu:
Mo kí gbogbo ilé o. Láti Benin ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ má gbàgbé wa, níbí ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ ẹ àti ọ nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni, tó bá jẹ́ pé àwọn ará ibí máa lo sáìtì yẹn, «ɛshin» ni ẹlòmíì máa tẹ̀. Ẹ kọ fáìlì rules tiyín fún unaccent, ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́tà kan àti ohun tó máa dà, ẹ gbé e sínú tsearch_data, ẹ fi ɛ sí e, ɔ sí o, kẹ́ ẹ sì fi sh sí s, torí Oshogbo àti Òṣogbo náà ti wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà látijọ́. Ṣùgbọ́n «oshogbo» tí kò ní àmì kankan, asciiword ni Postgres ń pè é, mapping tí àǹtí kọ lókè kò kàn án, ẹ fi asciiword, asciihword àti hword_asciipart kún un.

Nǹkan kan tó máa mú yín: iṣẹ́ unaccent() fúnra ẹ̀ kì í ṣe immutable (ohun tí èsì ẹ̀ kì í yí padà), Postgres ò ní gbà kẹ́ ẹ lò ó nínú generated column, ìyẹn column tí Postgres ń ṣírò fúnra ẹ̀. to_tsvector('yo_lasan', oro) jẹ́ immutable ní tiẹ̀, ẹ lo config yẹn. Tẹ́ ẹ bá wá yí fáìlì rules padà lẹ́yìn náà, ẹ tún gbogbo column yẹn kọ, torí Postgres kò mọ̀ pé fáìlì ti yí.

iya_ibeji:
Ọmọ Kétu, ẹ káàbọ̀ o! Òótọ́ lẹ sọ. Ìyẹn rán mi létí: fún orúkọ òrìṣà, ẹ lo ts_rewrite. Ní Brazil wọ́n ń kọ Xangô, ní Cuba wọ́n ń kọ Changó, tiwa ni Ṣàngó. Ẹ tò wọ́n sínú tábìlì kan, ọ̀rọ̀ lápá kan, igi tó máa rọ́pò ẹ̀ lápá kejì, ts_rewrite á lọ wá ẹ̀ka yẹn nínú igi query, á yọ ọ́, á fi 'sango' | 'xango' | 'chango' síbẹ̀. Inú igi ló ti ń ṣe é, kì í fi lẹ́tà rọ́pò lẹ́tà, nítorí náà kò lè ṣèèṣì gé àárín ọ̀rọ̀ míì. Ṣùgbọ́n ẹ fojú sí weight o, èyí tó wà lára igi tẹ́ ẹ fi rọ́pò ló máa wọ inú query.

olowe_kekere:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Mo lo SQL tí AgbaDBA kọ, mo fi ẹ̀ka l àti n sí i, mo normalize gbogbo òwe, mo ṣe GIN index. Mo tẹ ẹṣin. «Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ lẹṣin òwe» ló wà ní òkè pátápátá. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ti ẹ̀sìn wà nísàlẹ̀, ibi tó yẹ kó wà.

Ìbéèrè méjì ló kù. EXPLAIN ANALYZE, tó ń fi bí query ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, ń sọ Rows Removed by Index Recheck, ṣé nǹkan bàjẹ́ ni? Àti «sílé», «sọ́jà», àwọn tí sí bá wà nínú ẹ̀ ńkọ́?

AgbaDBA:
Kò bàjẹ́. GIN kì í tọ́jú A àti D, ọ̀rọ̀ nìkan ló ń tọ́jú, nítorí náà tí query bá ní ìwọ̀n, ó gbọ́dọ̀ padà lọ wo òwe fúnra ẹ̀ kó tó dá ẹ lóhùn. Fún 4,000 o kò ní mọ̀ ọ́n lára.

iya_ibeji:
Ti «sí», ẹ̀ka s ni, bíi ti l gẹ́lẹ́, àmọ́ ní D nìkan, torí ohùn ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Mo fi sí tèmi fún oṣù kan, mo yọ ọ́ kúrò, «oro» ń mú «soro» wá, ìyẹn sọ̀rọ̀ àti ṣòro pa pọ̀, ó ti pọ̀ jù. Ní báyìí mo tọ́jú tábìlì kékeré, ilé, ọjà, ọ̀nà, oko, inú, ìta, orí, ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ bí ogójì tó jẹ́ pé lóòótọ́ ni àwọn èèyàn ń so sí mọ́ wọn, mo ń fi ts_rewrite kó wọn wọlé. Tó o bá fẹ́, màá fi ránṣẹ́ sí ẹ lálẹ́ òní tí àwọn ọmọ bá ti sùn.

olowe_kekere:
Mo fẹ́ ẹ gan-an mà. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.